Ibi tó yẹ kí ‘-ed’ wà, àti ibi tí kò gbọdọ̀ dé

Ẹ bi ọmọ ilé-ìwé kankan l’Ábẹ́òkúta pé kí la máa ń fi kún ìparí ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì bí nǹkan bá ti ṣẹlẹ̀ kọjá, kò ní ronú kó tó dáhùn pé ‘-ed’ ni. ‘Work’ di ‘worked’, ‘wash’ di ‘washed’, ‘paint’ di ‘painted’. Síbẹ̀, ẹ gbé ìwé ìpàdé ẹgbẹ́ àdúgbò kan, tàbí lẹ́tà tí ọ̀dọ́ kan kọ láti fi wáṣẹ́, ẹ ó rí i pé ‘-ed’ yìí kan náà ti sá kúrò níbi tó yẹ kó wà, ó sì ti lọ lẹ̀ mọ́ ibi tí ẹnikẹ́ni ò pè é sí. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí i, torí lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó kọ ọ́ ní làákàyè, ó sì mọṣẹ́, àmọ́ ẹni tó ń ka lẹ́tà náà á ti gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó tó kà á jìnnà.

Mi ò gbà pé àìmọ òfin ló fà á. Òfin ‘-ed’ kúrú, kò sì ṣòro há sórí. Ohun tó fà á ni pé èdè tiwa kì í fọwọ́ kan ọ̀rọ̀-ìṣe nítorí àkókò, Gẹ̀ẹ́sì sì máa ń fọwọ́ kàn án, àmọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ ‘lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo’ yìí ni wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ tẹnu mọ́ ní kíláàsì, òun sì ni mo fẹ́ sọ jù lónìí.

Àná àti òní nínú èdè wa

Ẹ wò ó: ‘Mo fọ aṣọ lánàá.’ ‘Mo ń fọ aṣọ.’ ‘Mo ti fọ aṣọ.’ ‘Mo máa fọ aṣọ lọ́la.’ Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ‘fọ’ ò yí padà. Ohun tó ń sọ ìgbà fún wa wà níwájú ọ̀rọ̀-ìṣe, tàbí kó wà lẹ́yìn pátápátá bíi ‘lánàá’. Bí kò bá tiẹ̀ sí ọ̀kankan, irú ọ̀rọ̀-ìṣe tó wà níbẹ̀ ló ń jẹ́ ká mọ̀. ‘Adé ra aṣọ’: ó ti rà á, ó ti parí. ‘Adé mọ ilé wa’: ó mọ̀ ọ́n lónìí, bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ìdí nìyẹn tí àwọn onígírámà Yorùbá fi pe irú ìlò yìí ní àsìkò afànámónìí. Àná àti òní ló jọ ń lò ó.

Gẹ̀ẹ́sì ò gba ìyẹn. Ẹ ti kọ ‘yesterday’ sílẹ̀ o, ẹ ti kọ ọjọ́ àti aago sókè ìwé, síbẹ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe náà ṣì gbọ́dọ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ti kọjá. ‘Yesterday I wash the cloth’ ò pé létí onígẹ̀ẹ́sì, bó ti wù kí ‘yesterday’ náà hàn tó.

Ohun kan wà tí mo máa ń rí lára àwọn tí mo ń kọ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe bíi ‘want’, ‘like’, ‘need’ àti ‘live’ ni ‘-ed’ máa ń já bọ́ lára wọn jù. ‘Mo fẹ́ ẹ nígbà yẹn’ á di ‘I want it that time’, nígbà tó yẹ kó jẹ́ ‘I wanted it at that time’. ‘Lafẹ́nwá la ń gbé nígbà tí mo wà ní kékeré’ á di ‘We live in Lafenwa when I was small’, dípò ‘We lived’. Kò yẹ kó yani lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ bíi ‘ra’, ‘fọ’, ‘pa’ ń ṣẹlẹ̀, ó sì ń tán, ọkàn wa tètè ń rí i pé ti àná ni. ‘Fẹ́’ àti ‘fẹ́ràn’ ò ní ibi tí wọ́n ti ń tán. Nínú èdè wa, bí wọ́n bá dá dúró, òní ni wọ́n ń tọ́ka sí, torí náà ọwọ́ ò rántí láti fi nǹkan kan kún wọn. Bí ẹ bá ń ka ohun tí ẹ kọ láti ṣàtúnṣe rẹ̀, irú àwọn ọ̀rọ̀ yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ wá.

Sípẹ́lì rẹ̀, lọ́dọ̀ aládìrẹ

Bí ọ̀rọ̀ bá di ti bí wọ́n ṣe ń kọ ‘-ed’ sílẹ̀, ẹ jẹ́ ká lọ sí Ìtòkú, ọjà àdìrẹ l’Ábẹ́òkúta. Iṣẹ́ àdìrẹ kan ṣoṣo, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, fẹ́rẹ̀ẹ́ kó gbogbo òfin sípẹ́lì rẹ̀ pọ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyá aládìrẹ kan fẹ́ kọ̀wé sí oníbàárà rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, kó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ṣe àdìrẹ oníko tó fi ránṣẹ́ sí i:

‘We soaked the cloth, folded it and tied it with raffia. We dipped it in the dye, dried it, dipped it again, then untied it, rinsed it and ironed it.’

‘Soak’, ‘fold’ àti ‘iron’ ò ní wàhálà, ‘-ed’ kàn lẹ̀ mọ́ wọn ni. ‘Tie’, ‘untie’, ‘rinse’ àti ‘dye’ fúnra rẹ̀ ti ní ‘e’ nídìí tẹ́lẹ̀, ‘d’ nìkan ni wọ́n fẹ́: ‘tied’, ‘untied’, ‘rinsed’, ‘dyed’. (Kí ẹni tó ń tà á ṣọ́ra o: ‘dyed’ ni ti aró, ‘died’ ni ti ikú. Bákan náà ni wọ́n ṣe ń dún létí, àmọ́ ‘we died the cloth’ lórí páálí ọjà ò bójú mu rárá.) ‘Dry’ parí sí ‘y’, kọ́ńsónáǹtì ló sì ṣáájú ‘y’ náà, torí náà ‘y’ á di ‘i’: ‘dried’. Bẹ́ẹ̀ náà ni ‘carry’ ṣe ń di ‘carried’, tí ‘apply’ ń di ‘applied’. Bó bá jẹ́ fáwẹ̀lì ló ṣáájú ‘y’, ẹ má fọwọ́ kàn án: ‘played’, ‘stayed’, ‘enjoyed’.

‘Dip’ ló máa ń da èèyàn láàmú. Kí ló dé tó fi jẹ́ ‘dipped’, tí ‘soaked’ ò sì ní ‘k’ méjì? Ẹ wo òpin ọ̀rọ̀ náà. Bó bá jẹ́ fáwẹ̀lì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, tí kọ́ńsónáǹtì kan ṣoṣo tí kì í ṣe ‘w’, ‘x’ tàbí ‘y’ tẹ̀ lé e, ẹ kọ kọ́ńsónáǹtì náà lẹ́ẹ̀mejì: ‘dipped’, ‘stopped’, ‘planned’, ‘begged’. ‘Soak’ ní fáwẹ̀lì méjì, ‘fold’ ní kọ́ńsónáǹtì méjì, wọ́n ti bọ́ níbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá gùn ju sílébù kan lọ, etí lẹ máa fi mọ̀ ọ́n. ‘Prefer’ àti ‘admit’, ìparí ni ohùn ti tẹ̀ mọ́ wọn, nítorí náà ‘preferred’, ‘admitted’. ‘Offer’, ‘open’ àti ‘visit’, ìbẹ̀rẹ̀ ni, nítorí náà ‘offered’, ‘opened’, ‘visited’. ‘Travel’ nìkan ni mo fẹ́ kí ẹ há sórí, torí kò tẹ̀ lé òfin yìí lọ́dọ̀ àwọn ará Britain: ‘travelled’ ni wọ́n ń kọ, òun náà la sì ń kọ́ nílé-ìwé wa. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń kọ ‘traveled’. Bí kọ̀ǹpútà yín bá fa ìlà pupa sábẹ́ ọ̀kan nínú wọn, kì í ṣe pé ẹ ṣi í kọ.

Ní ti ohùn, ọ̀nà mẹ́ta ni ‘-ed’ ń gbà dún. Lẹ́yìn ‘t’ tàbí ‘d’, sílébù tuntun ni: ‘painted’, ‘folded’. Lẹ́yìn ohùn bíi ‘p’, ‘k’, ‘s’ àti ‘sh’, ‘t’ lásán ló ń dún, kò sí sílébù kankan tó kún un: ‘dipped’, ‘soaked’, ‘rinsed’, ‘washed’. Lẹ́yìn ìyókù, ‘d’ lásán ni: ‘dried’, ‘ironed’, ‘opened’. Ẹ ò ní rí ‘wọ́ṣẹ́ẹ̀dì’ lẹ́nu onígẹ̀ẹ́sì kankan. Nínú èdè tiwa, ọ̀rọ̀ kì í parí sí kọ́ńsónáǹtì, ká má tíì sọ ti méjì tó so kọ́ra, ìdí nìyẹn tí ahọ́n wa fi ń wá fáwẹ̀lì tó máa fi gbè é lẹ́yìn. Èmi tún rò pé ṣọ́ọ̀ṣì kópa níbẹ̀. ‘Blessed are the meek’ tí wọ́n ń kà lórí pẹpẹ, sílébù méjì ni ‘blessed’ yẹn lóòótọ́, torí ó ń ṣàpèjúwe àwọn èèyàn ni. Ṣùgbọ́n nínú ‘God blessed Abraham’, ọ̀rọ̀-ìṣe ni, sílébù kan péré ni, ‘t’ ló sì parí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti àkọ́kọ́ yẹn bọ gbogbo ọ̀rọ̀.

Àwọn mìíràn sì ń gbé ‘-ed’ mì pátápátá, èyí ló burú jù fún ẹni tó fẹ́ kọ̀wé. Ẹni tó ń pe ‘asked’ bíi ‘ask’, bó pẹ́ bó yá, ‘ask’ náà lọwọ́ rẹ̀ máa kọ sílẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń gba ‘-ed’, ẹ mọ ìyẹn: ‘go’ ń di ‘went’, ‘buy’ ń di ‘bought’, ‘put’, ‘cut’ àti ‘cost’ kì í yí padà rárá. (‘It costed me’ tí à ń gbọ́ káàkiri, ‘it cost me’ ni.) Àmọ́ ẹgbẹ́ ‘-ed’ ló ń gbèrú. Ọ̀pọ̀ jù lọ ọ̀rọ̀-ìṣe tuntun tó ń wọ Gẹ̀ẹ́sì, òun ló ń gbà: ‘downloaded’, ‘texted’, ‘emailed’. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan tilẹ̀ wà tó ti yí wọnú ẹgbẹ́ náà. Nínú Bíbélì King James ti 1611, Lúùkù orí kìíní, ‘holpen’ ni wọ́n kọ níbi tá a ti máa kọ ‘helped’ lónìí.

‘Did’ ti rù ú

Ibí ni kí ẹ fara balẹ̀ sí jù, torí ibẹ̀ ni mo ti ń rí àṣìṣe àwọn tó kàwé pàápàá.

Ní Yorùbá, bí a bá fẹ́ sọ pé nǹkan ò ṣẹlẹ̀, a ó fi ‘kò’ síwájú ọ̀rọ̀-ìṣe, ó parí: ‘Kò fọ aṣọ.’ Bí a bá fẹ́ béèrè, ‘ṣé’ la máa fi bẹ̀rẹ̀: ‘Ṣé ó fọ aṣọ?’ Gẹ̀ẹ́sì ò lè ṣe é báyẹn. Ó gbọ́dọ̀ pe olùrànlọ́wọ́ kan wá, ìyẹn ‘do’, bí ọ̀rọ̀ bá sì jẹ́ ti àná, ‘do’ á di ‘did’. Ẹ wo ‘did’ dáadáa: òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́ àná. Àmì àkókò dà bí ẹrù tí ẹnì kan ṣoṣo ń rù. Bí ‘did’ bá ti gbé e lérí, ọ̀rọ̀-ìṣe tó tẹ̀ lé e ti bọ́ lábẹ́ ẹrù, ó gbọ́dọ̀ padà sí bó ṣe wà kí ‘-ed’ tó dé.

‘She washed the cloth.’ Kò sí olùrànlọ́wọ́, ‘wash’ ló rù ú.

‘She did not wash the cloth.’ ‘Did she wash the cloth?’ ‘Did’ ló rù ú.

‘She did not washed the cloth’ àti ‘Did she washed it?’ ti di ẹrù lórí ẹni méjì. Mo mọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀: ẹni tó ń kọ̀wé mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àná ni, ọkàn rẹ̀ ti mú ‘washed’ jáde kó tó rántí pé kò ṣẹlẹ̀, ó wá ti ‘did not’ bọ àárín. Ẹ kọ́kọ́ kọ ‘did not’ sílẹ̀, kí ẹ tó ronú ọ̀rọ̀-ìṣe. Bí ‘did’ bá ti wà lójú ìwé, ‘-ed’ ò ní wá síbẹ̀ mọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ‘did’ tí a fi ń tẹnu mọ́ nǹkan. Bí akápò bá sọ pé ẹ ò sanwó, tí ẹ sì ti san án, ‘I did pay’ ni kí ẹ sọ, kì í ṣe ‘I did paid’. ‘To’ náà ò gbà á: ‘I wanted to work’, kì í ṣe ‘to worked’. ‘Can’, ‘could’, ‘will’, ‘would’, ‘should’ àti ‘must’, kò sí èyí tó ń gba ‘-ed’ sẹ́yìn ara rẹ̀ lójúkojú nínú wọn. ‘He could worked’ ò sí.

Ṣùgbọ́n bí kò bá sí olùrànlọ́wọ́, tí ọ̀rọ̀-ìṣe sì tẹ̀ léra, olúkúlùkù ló ń ru tirẹ̀: ‘He locked the shop and walked to Kuto.’ Mo máa ń rí ìwé tí wọ́n ti fi ‘-ed’ sára ti àkọ́kọ́, tí wọ́n sì gbàgbé ìyókù, bí ìgbà tí ‘locked’ bá ti ṣe é fún gbogbo wọn. Kò ṣe é fún wọn.

‘Ti’ àti ‘have’

‘Mo ti parí iṣẹ́ náà’: ‘I have finished the work.’ Ẹ lè bi mí pé ṣebí mo ní ẹrù kì í jẹ́ méjì, kí ni ‘-ed’ wá ń ṣe lẹ́yìn ‘have’? Ìbéèrè tó tọ́ ni. ‘-ed’ yìí kì í ṣe àmì àná. Ohun tó ń sọ ni pé iṣẹ́ náà ti di aṣetán, orí ‘have’ sì ni àkókò wà: ‘have’ ni ti òní, ‘had’ ni ti àná. Nínú ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń gba ‘-ed’, ojú kan náà ni méjèèjì ní, ìyẹn ló ń rú wa lójú. Nínú irú èyí tí kì í gba ‘-ed’, ẹ ó rí ìyàtọ̀ wọn gedegbe: ‘I wrote’, ‘I have written’.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú níbí ni pé ‘have’ ò gbọdọ̀ bá àkókò tó ti parí jókòó. Yorùbá gba ‘Mo ti parí rẹ̀ láti àná’. Gẹ̀ẹ́sì ò gba ‘I have finished it yesterday’. Bí ẹ bá ti sọ ọjọ́, ẹ yọ ‘have’ kúrò: ‘I finished it yesterday.’ Ìtàn ìlú wa dára láti fi dánra wò, torí ọdún wà nínú rẹ̀. ‘Henry Townsend visited Abeokuta in 1843.’ ‘He started Iwe Irohin in 1859.’ ‘The paper stopped in 1867.’ Ìwé ìròyìn yẹn, tí Townsend tó jẹ́ míṣọ́nnárì tẹ̀ l’Ábẹ́òkúta níbí lédè Yorùbá, ti kọjá, àwọn ọdún náà ti kọjá, ẹni tó bá kọ ‘has started in 1859’ ti da òní pọ̀ mọ́ àná. Bó bá jẹ́ pé kò sí ọdún níbẹ̀, tó sì jẹ́ ohun tó kan òní lẹ ń sọ, ‘have’ ló yẹ: ‘I have visited Olumo Rock’ túmọ̀ sí pé mo ti débẹ̀ rí.

‘-ed’ kan náà yìí ló wà lẹ́yìn ‘was’ àti ‘were’. ‘Wọ́n gbà mí síṣẹ́’ di ‘I was employed’. ‘I was employ’ ni mo ń rí jù nínú lẹ́tà ìwáṣẹ́, etí ló sì fà á, torí ‘d’ ìparí yẹn ò dún sókè.

‘Máa ń’ kì í ṣe ‘used to’

Àṣìṣe yìí yàtọ̀ sí ìyókù, torí gírámà rẹ̀ lè dára pátá kí ìtumọ̀ sì dojú rú. Bí a bá fẹ́ sọ pé ‘Mo máa ń tètè dé ibi iṣẹ́’, ‘I used to come to work early’ ló máa ń jáde lẹ́nu wa. Ẹni tó ni Gẹ̀ẹ́sì á gbọ́ pé ẹ máa ń tètè dé tẹ́lẹ̀, ẹ ò sì tètè dé mọ́. Ẹ ro ohun tí ìyẹn lè ṣe fún ẹni tó jókòó níwájú àwọn tó fẹ́ gbà á síṣẹ́ ní Òkè-Mọ́sàn, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn wà! Ìwà rere ló ń sọ nípa ara rẹ̀, àwọn tó ń gbọ́ ọ sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti fi í sílẹ̀.

Ohun tó fà á ni pé ‘máa ń’ kì í yan àná tàbí òní. ‘Bàbá wa máa ń lọ sóko’ lè jẹ́ ti bàbá tó wà láàyè, ó sì lè jẹ́ ti bàbá tó ti kú; ọ̀rọ̀ tó yí i ká ló máa sọ ọ́. ‘Used to’ ti yan àná, ó sì ti ti ilẹ̀kùn. Bí nǹkan náà bá ṣì ń lọ lọ́wọ́, ẹ lo ọ̀rọ̀-ìṣe lásán: ‘I come to work early’, tàbí ‘I usually come to work early’. Bó bá ti dópin, ‘used to’ ni ẹ̀tọ́ rẹ̀: ‘We used to live in Adatan’, ìyẹn ni pé a ti kó kúrò.

Nígbà tí ‘did’ bá sì dé, òun náà á tún ru ẹrù rẹ̀: ‘We did not use to live there.’ ‘D’ ti kúrò lára ‘used’. Bẹ́ẹ̀ sì ni lẹ́nu, ‘d’ yẹn kì í dún, inú ‘t’ tó tẹ̀ lé e ló ń wọ̀ sí, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń kọ ‘I use to live there’. Nínú gbólóhùn tí kò ní ‘did’, ẹ kọ ‘d’ náà sílẹ̀ bẹ́ ò tilẹ̀ gbọ́ ọ.

Ó ku ká fi gbogbo rẹ̀ wo ìwé ìpàdé, torí ohun tó ti kọjá ni gbogbo ìwé ìpàdé. Irú èyí ni àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ máa ń mú wá fún mi kí n bá wọn wò:

‘The meeting start at 4 p.m. The chairman welcomed everybody and ask the secretary to read the last minutes. The treasurer did not presented her account because she has travelled to Ibadan the day before. Members was advise to pay their dues.’

Bó ṣe yẹ kó rí rèé:

‘The meeting started at 4 p.m. The chairman welcomed everybody and asked the secretary to read the last minutes. The treasurer did not present her account because she had travelled to Ibadan the day before. Members were advised to pay their dues.’

‘Start’ di ‘started’ torí kò sí ẹni tó máa bá a rù ú. ‘Asked’ ń ru tirẹ̀ bí ‘welcomed’ ṣe ń ru tirẹ̀, ‘read’ sì wà bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ‘to’. ‘Present’ bọ́ lábẹ́ ẹrù torí ‘did’ ti wà níbẹ̀. ‘Were’ dípò ‘was’, torí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ju ẹyọ kan lọ, ‘-ed’ ‘advised’ sì padà sáyè rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. ‘Had travelled’ ni kò sì yẹ kí akọ̀wé kankan fi ṣeré: ìpàdé ti kọjá, ìrìn àjò akápò sì ti ṣáájú ìpàdé náà, àná tó wà lẹ́yìn àná ni, iṣẹ́ ‘had’ sì nìyẹn.